Àkọ̀ Ìbọn Pélébé ní Amẹ́ríkà: Awọ, Ìtẹ́nú àti Aró Ara Irin

Àkọ̀ ìbọn pélébé tí à ń so mọ́ ìbàdí kò tíì wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí Samuel Colt tó ń ṣe ìbọn àti ọmọ ogun kan, Samuel Walker, pawọ́ pọ̀ gbé ìbọn Walker jáde ní 1847. Ìbọn náà wúwo tó nǹkan bíi kílò méjì, nítorí náà ẹṣin ló ń gbé e: àkọ̀ méjì tí a so pọ̀ máa ń wà níwájú gàárì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Oníṣẹ́ gàárì ló ń rán an, awọ tó ń lò fún gàárì náà ló sì ń lò fún un. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé kí ìbọn má jábọ́ bí ẹṣin bá ń sáré, kí òjò má sì ba ẹ̀tù jẹ́. Ohun tí inú àkọ̀ ń ṣe sí ara irin kò tíì di ọ̀rọ̀.

Ìbọn Navy tí Colt gbé jáde ní 1851 fúyẹ́ dáadáa ju ti Walker lọ, àwọn tó ń wa góòlù ní California sì ń so ó mọ́ ìgbànú. Àkọ̀ tí wọ́n ń rán fún un rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó fún mọ́ ìbọn, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí ọwọ́ lè tètè kan ìdí ìbọn. Àwọn ológun ní tiwọn ń lo èyí tó ní ìdérí. Bí awọ ṣe wá fara mọ́ irin báyìí ni àpá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Aró tó ń dán lára ìbọn Colt kì í ṣe ọ̀dà. Ojú irin fúnra rẹ̀ ni wọ́n dán, tí wọ́n sì fi iná mú títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà. Aró yìí fẹ́lẹ́ gan-an, ibi tó bá yọrí ló sì ti ń kọ́kọ́ ṣí: ẹnu ọ̀pá ìbọn àti etí àgbá tí ọta ń gbé. Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ mọ àpá yìí dáadáa, wọn kì í sì kà á sí àbùkù ńlá.

Ìpẹtà ló burú ju yíyún lọ. Èèpo igi óòkù ni wọ́n fi ń ṣe awọ nígbà náà: awọ màlúù á wà nínú omi èèpo fún ọ̀pọ̀ oṣù, oje igi á wọ̀ ọ́ títí kò fi ní lè jẹrà mọ́. Irú awọ bẹ́ẹ̀ le. Ó ṣeé rẹ sómi, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìbọn, kó sì gbẹ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ àkọ̀ fi ń lò ó di òní. Ṣùgbọ́n oje tó kan ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa ọ̀rinrin mu láti inú afẹ́fẹ́, láti inú òjò àti láti ara òógùn. Ìbọn tí a bá gbàgbé sínú rẹ̀ lè dógùn-ún níbi tí ojú kò tó.

Ara ọta ni wàhálà yìí ti kọ́kọ́ hàn kedere. Nígbà tí ọta onídẹ àti oníbàbà dé, àwọn ọmọ ogun ń kì í bọ inú òjá awọ tí wọ́n rán mọ́ ìgbànú. Láìpẹ́, ìpẹtà aláwọ̀ ewé á bò ó, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú òjá débi pé yíyọ rẹ̀ á di iṣẹ́. Anson Mills, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìgbànú ọta tirẹ̀ ní 1867. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀nà láti fi òwú hun ìgbànú àti òjá ọta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí awọ má kan idẹ mọ́ rárá. Ìjọba rà á fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n gba ọta lọ́wọ́ awọ, àmọ́ ìbọn ṣì wà níbẹ̀: àkọ̀ awọ ni ìbọn M1911 ti àwọn ológun Amẹ́ríkà wọ̀ lọ sí ogun àgbáyé méjèèjì.

Awọ króómù, èyí tí wọ́n fi iyọ̀ króómù ṣe dípò èèpo igi, ní ìtàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ní 1884 ni Augustus Schultz gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tó fi ń ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ awọ máa ń sọ pé ẹnì kan tó ń ṣe kọ́sẹ́ẹ̀tì fún àwọn obìnrin ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, nítorí awọ tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù àti iyọ̀ ṣe ń mú kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú aṣọ náà dógùn-ún. Awọ tí wọ́n wá kiri nítorí ìpẹtà ni àwọn oníṣẹ́ àkọ̀ wá ń sá fún nítorí ìpẹtà kan náà. Ó rọ̀, ó sì tètè ń jinná ju ti èèpo igi lọ, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá ṣan án dáadáa, iyọ̀ á kù nínú rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ àkọ̀ tún máa ń tẹ́ awọ mìíràn sínú àkọ̀. Ẹ̀yìn awọ, èyí tó rí múlọ́múlọ́ bí àrán, ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fẹ́ràn. Ọwọ́ ló tàn wọ́n jẹ. Inú irun kéékèèké yẹn ni eruku àti iyanrìn ń sá pamọ́ sí, gbogbo ìgbà tí ìbọn bá wọlé tàbí jáde ni wọ́n á sì máa ha aró rẹ̀. Awọ àgùntàn onírun tún burú jù ú lọ, nítorí omi ni òun ń dá dúró. Èyí tó ń ṣe ìbọn lóore jù ni awọ pẹlẹbẹ tí ojú dídán rẹ̀ kọ sí irin: eruku kò rí ibi dì mọ́, a sì lè fi aṣọ nù ún.

Ọdún 1965 yí nǹkan padà lẹ́ẹ̀mejì. Smith & Wesson gbé Model 60 jáde, ìbọn pélébé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irin tí kì í tètè dógùn-ún ṣe, tí kò sì nílò aró. Ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Rohm and Haas ṣe Kydex, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ lò nínú ọkọ̀ òfurufú. Ní àwọn ọdún 1970, Bill Rogers, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú FBI rí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di àkọ̀. Wọ́n á fi iná mú un rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòṣe ìbọn, á sì le bó bá tutù. Kì í mu omi, kò ní oje, kò ní iyọ̀. Àmọ́ kì í rọ̀ fún iyanrìn: èyí tó bá há sí àárín òun àti irin á fa ìlà sára aró. Nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà sì gba ìbọn Beretta M9 ní 1985, àkọ̀ náílọ́ọ̀nù tí ilé iṣẹ́ Bianchi ṣe, M12, ló bá a rìn.

Awọ kò tíì kúrò lọ́jà. Ẹni tó ní ìbọn aláró àtijọ́ ń ra àkọ̀ awọ èèpo igi tí a tẹ́ inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń gbọn iyanrìn kúrò nínú rẹ̀, ó sì ń sá a síta bí òjò bá pa á. Bó bá délé, á yọ ìbọn kúrò, á fi òróró pa á lára, á sì tọ́jú àkọ̀ sí ibòmíràn.