Físà Kútọnu: Ta Ni Àlejò Nínú Wa?

Ìbéèrè kan ti dé sọ́dọ̀ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: "Prof, mo fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Ibo ni mo ti máa gba físà?" Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti wọ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin fún àbẹ̀wò. Àmọ́ ìtàn tó wà lẹ́yìn ìdáhùn yẹn gùn, ó sì kan àwọn ará Àgọ́sasa àti gbogbo agbègbè Ìpókíá ju bó ṣe kan ará Èkó tó fẹ́ lọ gbafẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Paris. Wọ́n mú ìlà kan láti ibi odò Àjàrá ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́, wọ́n fà á lọ sí àríwá. Ìwé náà dárúkọ Ìpókíá, "Pokrah" ni wọ́n kọ ọ́, pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí Àgọ́sasa ṣe bọ́ sí apá Èkó nìyẹn, tí Sakété àti Pọbẹ́ bọ́ sí apá Dàhòmì. Ìlú Kétu gan-an lọ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Alákétu kù sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọba wa kankan tó fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹni tó ń lọ kí àbúrò ìyá rẹ̀ ní ìlú kejì tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn èèyàn wa ò káwọ́ gbera wo ìlà yẹn o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Faransé ń fipá kó ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun, ọ̀pọ̀ ló sá wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé *Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945*, tó jáde ní ọdún 1976. Ibodè tí wọ́n fi pín wa náà la fi ṣe ibi ìsádi. Bákan náà ni ọjà ń gba inú igbó kọjá, torí ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí ìjọba bá pè ní fàyàwọ́, ọjà lásán ni lójú ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ná an kí ìlà tó dé.

Ìgbà tí òmìnira dé, ìlà kò kúrò. Ó di oṣù Karùn-ún ọdún 1975 kí wọ́n tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn olórí fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ẹ kíyè sí i pé ọdún 1985 ni Yúróòpù tó fọwọ́ sí àdéhùn Schengen tiwọn. Ọdún mẹ́fà la fi ṣáájú wọn.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ẹ wo ohun tí àdéhùn Dakar béèrè: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti pé kí èèyàn gba ẹnubodè tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tó ń ti Èkó lọ gbafẹ́ yóò mú pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ibà pọ́njú rẹ̀, yóò gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò, wọn a lu òǹtẹ̀ fún un, ó parí. Ìyá alátà ní abúlé kan lẹ́bàá Àgọ́sasa ńkọ́, tó fẹ́ lọ síbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní apá kejì? Kò ní pásípọ́ọ̀tù, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó ná owó ńlá lé e. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń tọ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba. Òfin sọ pé kò nílò físà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá pàdé aṣọ́bodè lọ́nà, ojú rere onítọ̀hún nìkan ló kù tó lè gbà á.

Ojú rere ọ̀hún kì í sì í pẹ́ tán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun ti ibodè pa nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà. Ó di ọdún 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n tún tì í. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má já epo bẹntiróòlù sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Àgọ́sasa wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọn ò ṣí Ìdírókò. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ló tó kàn án. Ní gbogbo àkókò yẹn, àdéhùn Dakar wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fagi lé e.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ físà ti parí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé tí mẹ̀kúnnù lè rí gbà ló kù. Ní ọdún 2014, àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò lórí káàdì ìdánimọ̀ tí èèyàn lè fi rìn láìmú pásípọ́ọ̀tù, Sẹ̀nẹ̀gà sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọdún 2016. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé Ìpókíá, Ìmẹ̀kọ àti Yewa, kó tó dé Àbújá. Ó sì yẹ kí ìjọba méjèèjì mọ àwọn ọ̀nà kéékèèké tó so abúlé pọ̀ mọ́ abúlé, kí wọ́n fi aṣọ́bodè tó gbọ́ èdè ibẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ gbafẹ́, ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Ẹ má gbàgbé òǹtẹ̀ àlọ àti ti àbọ̀. Bẹ́ ẹ bá máa ju 90 ọjọ́ lọ, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ kó tó pé. Bí ẹ bá sì dé Sakété, ẹ kí wọn ní Yorùbá. Wọ́n á dá yín lóhùn.