Kí àwọ̀ má baà ṣí lára awọ

Ẹni tó ra bàtà aláwọ tuntun ní Agric, ní Ikòròdú, tí òjò sì pa délé, lè rí i pé ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ ti pọ́n. Oníbàárà yóò ní ayédèrú awọ ni wọ́n tà fún òun. Aránbàtà yóò ní òjò ló fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, awọ gidi ni, aró tí kò wọlé ló jókòó sójú rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun ni irú aró bẹ́ẹ̀ rí, òógùn lásán tó láti kó o lọ. Ẹni tó bá sì kun ọ̀dà lé e lórí wulẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ọ̀dà bá sán, àwọ̀ yóò tẹ̀lé e.

Àwọn àgbà oníṣọ̀nà mọ èyí. Ní Kano, èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa ni wọ́n fi ń ṣe awọ ewúrẹ́ kó má baà jẹrà. Pòròpórò ọkà bàbà pupa tí wọ́n pò mọ́ káún ni wọ́n sì fi ń pa á láró. Pupa yìí náà ló wà lára làbà Ṣàngó tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ń rán. Ní ti dúdú, irin tó dípẹtà ni wọ́n ń rẹ sínú omi kíkan. Bí omi náà bá ti pàdé oje èso tó wà nínú awọ, dúdú yóò jáde láti inú awọ fúnra rẹ̀. Irú dúdú bẹ́ẹ̀ kì í ṣí bọ̀rọ̀.

Dáì inú ìgò tí à ń rà lónìí ń fẹ́ sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ nu pólíìṣì àtijọ́ kúrò, kí awọ gbẹ. Ẹ fi dáì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tó sì jìnnà sí iná, nítorí sipíríìtì a máa yára gbaná. Ó di ọjọ́ kejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyí: aṣọ funfun gbígbẹ ni kí ẹ fi máa nù ún, kí ẹ máa pààrọ̀ aṣọ, títí tí kò fi ní í gba àbàwọ́n mọ́. Ìgbà náà ni ọ̀dà kàn. Ìda oyin a máa lé omi, ṣùgbọ́n oòrùn a máa rọ̀ ọ́. Fún bàtà àti bẹ́líìtì, ọ̀dà acrylic olómi le jù ú lọ. Ẹ má kun ọ̀dà sipíríìtì lórí dáì sipíríìtì, yóò tún aró náà yọ́ ni.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi ìlànà ISO 11640 yẹ awọ wò: ẹ̀rọ ló ń fi aṣọ funfun ra á lọ ra á bọ̀. Aránbàtà lè fi ọwọ́ ra tirẹ̀ nígbà 20 pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kó fi èyí tó tutù ra á, kó tún fi èyí tí a rẹ sínú omi iyọ̀ bí òógùn, kó sì fi aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han oníbàárà kó tó gbowó.