Moor Plantation, Ìbàdàn: Ilẹ̀ Òwú tí ó di Ilé Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Ilẹ̀ tí a ń pè ní Moor Plantation, ní agbègbè Àpáta lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ní ìlú Ìbàdàn, kì í ṣe ilẹ̀ tí ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò lónìí. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á ní ọdún 1905, nígbà tí Baálẹ̀ Dàda wà lórí oyè, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 10.35 níbùú-lóròó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni British Cotton Growing Association, èyí tí ìtàn yìí yóò máa pè ní Ẹgbẹ́ Agbinwú. Èrò wọn ni láti sọ ilẹ̀ náà di pilantéṣàn, ìyẹn oko ńlá tí a fi irúgbìn kan ṣoṣo kún, tí àwọn alágbàṣe sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan.

Ebi òwú ni ó lé wọn dé Ìbàdàn. Ilé ìhunṣọ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Lancashire, ṣùgbọ́n òwú kì í hù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà sì ni ó ń tà á fún wọn. Bí ọ̀wọ́n bá dé lọ́hùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni yóò jókòó sílé. Wọ́n ti rí i rí nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865. Kódà ṣáájú ogun náà, Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, ti bá àwọn oníwàásù ìjọ CMS ní Abẹ́òkúta dòwò pọ̀, ó sì fi ẹ̀rọ kéékèèké ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí wọ́n lè máa fi òwú ránṣẹ́ sí i. Nítorí náà, nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Agbinwú sílẹ̀ ní 1902, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní ìwé àṣẹ ní 1904, ọ̀nà àtijọ́ ni ó tún gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí ó kó lọ́wọ́ pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Ibi tí owó náà wọlé sí yẹ ní àlàyé kíkún. Òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lóko ṣì ní kóró nínú, bí a bá sì gbé e lé ìwọ̀n, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ ni kóró, ìdá kan yòókù nìkan ni ẹ̀gbọ̀n tí a lè ràn. Ẹni tí ó bá ru irú òwú bẹ́ẹ̀ dé etíkun ti san owó ẹrù mẹ́ta lórí ẹrù kan. Àwọn ìyá nílẹ̀ Yorùbá ní ọgbọ́n tiwọn fún iṣẹ́ yìí: wọn a yí ọ̀pá irin róbótó lórí òwú títí kóró yóò fi bọ́ sílẹ̀, wọn a wá fi ọrun gbọn ẹ̀gbọ̀n kí wọ́n tó ràn án. Ọgbọ́n náà tó fún aláṣọ òkè, ṣùgbọ́n kò lè yára tó ohun tí Manchester ń béèrè. Nítorí èyí ni Ẹgbẹ́ náà ṣe kọ́ ilé ẹ̀rọ ìyọkóró, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń fa ẹ̀gbọ̀n kúrò lára kóró, tí òmíràn sì ń tẹ ẹ̀gbọ̀n náà mọ́lẹ̀ di ìdì líle tí ọkọ̀ lè kó. Ojú irin ni àwọn ilé wọ̀nyí ń tẹ̀lé: rélùwéè tí a bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, tí a ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ohun tí ó so ẹ̀rọ mọ́ oko ni pé wọ́n ń pín kóró òwú lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí láti ra ohun tí ó bá jáde níbẹ̀ ní iye kan pàtó.

Gbogbo ètò yìí péye lójú ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú mọ ìṣirò. Òwú kì í ṣe àjèjì sí i. Àárín iṣu àti àgbàdo ni ó ti ń gbìn ín tipẹ́, tí yóò sì já a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ìyá tí ń rànwú àti àwọn ahunṣọ yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó tí ọjà ilé ń san fi ga ju owó pàtó ti Ẹgbẹ́ Agbinwú lọ. Òwú Amẹ́ríkà tí Ẹgbẹ́ náà fẹ́ràn kò sì rí ìtura nínú òjò gúúsù, kòkòrò àti àrùn a máa bá a jà. Nígbà náà gan-an ni kòkó ń tàn kálẹ̀ ní igbó Ìbàdàn, igi tí a gbìn lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì máa ká èso rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ti rí àwọn tí ó kọ̀wé pé ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan ni kò jẹ́ kí àgbẹ̀ gúúsù gba òwú gbọ́. Irọ́ gbáà ni. Ẹni tí ó fi òwú sílẹ̀ tí ó gbin kòkó ti wo èrè méjèèjì, ó sì mú èyí tí ó pọ̀. Kódà oko ńlá tí Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ dá kò mówó wọlé bí wọ́n ti rò.

Ní ọdún 1910, Moor Plantation bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó sì di olú-iléeṣẹ́ Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ fún Gúúsù Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ Agbinwú kò kúrò ní Nàìjíríà. Bí rélùwéè ti dé Kánò, Zaria ni ó kó agbára rẹ̀ lọ, níbi tí òjò ti mọ níwọ̀n tí òwú Amẹ́ríkà sì ṣe dáadáa.

Ohun tí ó kù ní Ìbàdàn ni ilẹ̀ gbígbòòrò kan tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan wò lórí rẹ̀, èyí sì ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ní 1921 a dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó di Federal College of Agriculture lónìí, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1969, Yunifásítì Ifẹ̀ gba ẹ̀ka ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì sọ ọ́ di Institute of Agricultural Research and Training, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní IAR&T. Àgbàdo, ẹ̀wà àti ìtọ́jú ilẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kenaf, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń bó èèpo rẹ̀ ṣe okùn àti àpò. Ìyẹn ni pé lórí ilẹ̀ tí a tìtorí òwú gbà ní 1905, iṣẹ́ ohun tí a ń fi ṣe okùn ṣì ń lọ lọ́wọ́.