Iléeṣẹ́ Ọkọ̀ Èrò àti Àwọn Tó Ń Wọ̀ Ọ́

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò ni iléeṣẹ́, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, tó ń fi bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin tàbí ọkọ̀ ojú omi gbé ará ìlú lójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀, ní iye tí gbogbo èèyàn mọ̀. Bí wọ́n bá ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣoore fún àdúgbò, ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni àpò ìrẹsì ọdún Kérésì, ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé, àti ẹ̀rọ omi tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí lára. Wọn kò burú, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ohun tó ń bá ará ìlú gbé lójoojúmọ́ ni owó ọkọ̀, ibi tí ọkọ̀ ń dé, àsìkò tó ń dé, àti ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ gidi wà, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa: ó wà l'Ékòó.

Owó dánfó, bọ́ọ̀sì kékeré àwọn aládàáni, kò ní iye kan pàtó. Ti àárọ̀ yàtọ̀, ti ọ̀sán yàtọ̀. Bí òjò bá ṣú, kọ̀ńdọ́ á ti fi kún un kó tó kán sílẹ̀. "Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o" ni wọ́n fi ń kí èrò káàbọ̀. Ẹni tí kò bá ní ṣénjì, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí lórí owó bébà kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lọ wá bí wọ́n ṣe máa pín in tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Inú ayé yìí ni bọ́ọ̀sì BRT bọ́ sí ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2008. LAMATA, àjọ tí ìjọba Èkó fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, fi ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, iye owó sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Àyẹ̀wò tó jáde lọ́dún kejì sọ pé nǹkan bí 200,000 èrò ló ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́, pé owó tí wọ́n ń san fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti tẹ́lẹ̀, àkókò ìrìn sì fi ìdá 40 dín. Fún ẹni tó ń gbé Kẹtu tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, oorun ni àkókò yẹn, tàbí ojú ọmọ tí yóò rí kó tó sùn.

Àwọn kan ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu onídánfó. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí onídánfó náà ará àdúgbò ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀, NURTW, dá sílẹ̀ ló kọ́kọ́ wa BRT. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò pàdánù ni wọ́n fi ṣe oníṣòwò. Bọ́ọ̀sì ńlá kò sì lè wọ gbogbo àdúgbò. Dánfó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba Èkó gé owó BRT àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sí ìdajì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, náírà 375 ni èrò san láti Mile 2 dé Marina dípò 750. Àwọn alátakò ní owó ìjọba nìyẹn, pé kì í ṣe oore iléeṣẹ́ kankan. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀dínwó orí bọ́ọ̀sì tí kò dé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni: èrò tó dúró títí yóò padà wọ dánfó, yóò sì san owó ọjọ́ náà pé. Ipa ti iléeṣẹ́ ni kí ọkọ̀ máa rìn. Kò sì lè rìn bí iléeṣẹ́ bá ń jẹ gbèsè. A ti rí irú rẹ̀ rí l'Ékòó: ọdún 1958 ni ìgbìmọ̀ ìlú gba iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Zarpas, iléeṣẹ́ aládàáni kan. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ìjọba kò tó èrò mọ́, mọ́lúè, bọ́ọ̀sì àwọn aládàáni, ló gba ìgboro. Nítorí náà, kí ìjọba san ìyókù owó èrò fún iléeṣẹ́ lásìkò, bí ẹni tó ra ọjà, kì í ṣe bí ẹni tó ń tọrẹ.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ẹ̀rí wà. Ní Medellín, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, iléeṣẹ́ Metro na okùn irin gun òkè lọ́dún 2004, ó sì so àwọn yàrá kékeré kọ́ ọ láti máa gbé àwọn tálákà tó ń gbé Santo Domingo. Ìwádìí kan rí i pé bí ìpànìyàn ṣe dín kù láàárín 2003 sí 2008 ní àwọn àdúgbò tí okùn náà dé fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò dé lọ. Ìlú náà kọ́ ilé ìkàwé àti ọgbà ìṣeré síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi gbogbo ògo fún okùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í sanwó bọ́ọ̀sì.

Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣoore fún àdúgbò, kó kọ́kọ́ lẹ iye owó ọkọ̀ mọ́ ibùdókọ̀, kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ sì gbéra kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Ìrẹsì lè tẹ̀lé e.