Àwọn Ọmọ-Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Wọ́n Rí ní Ìbàdàn Nípa Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Port Harcourt àti gbogbo ẹbí yín, àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ rí.

Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tó ń mú àgbọ̀n àwọn ọmọdé wú. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà títí dòní. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ibà bá ti pọ̀, ilẹ̀ wa náà kò sì yọ sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn University College Hospital, Ìbàdàn, Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Cameroon, ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé oògùn díẹ̀ a máa mú kókó ńlá yọ́, nígbà mìíràn kì í sì padà wá mọ́. Ní 1967, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn nìkan kọ́. Ara ọmọ náà ń bá a jà. Ní 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà.

Báwo ni ara ṣe ń jà? Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ-ogun wa. Wọ́n ń yẹ sẹ́ẹ̀lì yòókù wò bí oníbodè ṣe ń yẹ ẹrù wò. Bí wọ́n bá rí àmì àjèjì, ìròyìn á gba ara ìta sẹ́ẹ̀lì wọlé, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé ààfin inú rẹ̀. Àmì kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí wọ́n tó jáde ogun. Wọ́n tún ní bíréèkì, kí wọ́n má baà ba ara fúnra rẹ̀ jẹ́. Bíréèkì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ń tẹ̀. James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan ló fi bí a ṣe lè tú u hàn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ Burkitt lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nítorí náà, bí àgbọ̀n tàbí ikùn ọmọ bá ń wú, tí eyín rẹ̀ ń mì láìnídìí, ẹ má dúró ti agbo. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: oògùn àti ọmọ-ogun ara nílò ara wọn, ṣùgbọ́n àwa òbí la ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀.