Ta Ló Gba Ife Ọdún 2020?

  Iṣẹ́ tí olóòtú ìwé yìí rán mi ni pé kí n kọ ìtàn eré ìdárayá ilé-ìwé wa. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo ní kí n lọ wo pátákó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, èyí tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ilé tó bá gba ife ẹ̀yẹ sí lọ́dọọdún, kí n dà á kọ, ó parí.

Bí mo ṣe ń kà á bọ̀ láti òkè, kò sí wàhálà. Yẹ́lò Háùsì, Rẹ́ẹ̀dì Háùsì, Búlúù Háùsì. (Ẹ̀yin ará Búlúù, ẹ má pariwo, mo ti rí i pé tiyín ló pọ̀ jù.) Mo kà á títí mo fi dé ọdún 2019. Ìlà tó tẹ̀lé e, ọdún 2022 ni. Kò sí 2020, kò sí 2021. Ẹni tó kọ ọ́ kò tiẹ̀ fi àyè sílẹ̀, ó kàn fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Ọmọ tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á rò pé ilé-ìwé wa kò sí láyé lọ́dún méjèèjì ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìbéèrè kan tí àbúrò mi obìnrin bi mí ní ọdún 2022: "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló gba ti 2020?" Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Mo rí i báyìí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òun ni mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí dáhùn.

BÍ PÁPÁ ṢE DÁKẸ́

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2020, ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì kan ló gbé e wọlé. Níbo ni wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ fún ìtọ́jú? Yábà wa níbí ni, ilé ìwòsàn àwọn alárùn tó ń ràn, tí gbogbo wa mọ̀ sí IDH. Ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò pé ó wà ní Ṣáínà ti dé ẹ̀yìnkùlé.

Àkókò yẹn gan-an ni ilé-ìwé wa ń múra intaháùsì sílẹ̀. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà sórí pápá, wọ́n ti ń sá híìtì, àwọn ọmọ ti ń dá owó aṣọ máàṣì-páàsì. Àbúrò mi wà ní SS3. Eré 400 mítà ni tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ipò kejì, ó wá ní ọdún tóun máa jáde yìí, òun ò ní gbà fẹ́nikẹ́ni. Èmi ni mo lọ bá a ra bàtà sípáìkì ní Tèjúoṣó.

Ìjọba Èkó ní kí gbogbo ilé-ìwé tì láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó sì di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ rántí bí Ojúẹlẹ́gbà ṣe dá páropáro, tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sójú títì ní Mushin lọ́sàn-án gangan. Pápá ìṣeré Oníkàn tí ọ̀pọ̀ wa ti lọ wo bọ́ọ̀lù di ilé ìwòsàn tó ní ibùsùn 110. Ibi tí wọ́n ti ń pariwo góòlù, ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn ti ń wá èémí.

Àwọn SS3 padà sílé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, nítorí ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Wọ́n wá pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, wọ́n jókòó jìnnà síra wọn, wọ́n kọ ìdánwò, wọ́n sì lọ. Kò sí ìje, kò sí ayẹyẹ ìdágbére. Bàtà sípáìkì yẹn wà nínú páálí rẹ̀, kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pápá.

KÌ Í ṢE ÀKỌ́KỌ́

Àárẹ̀ ti tilé-ìwé pa l'Ékòó ṣáájú kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àwọn tó ti ní àrùn kan tí àwọn àgbà padà ń pè ní lùkúlùkú. Ìjọba ti ilé-ìwé, wọ́n sì dá àpéjọ dúró. Àwọn onítàn fojú bù ú pé èèyàn tó tó ìdajì mílíọ̀nù ló bá a lọ ní Nàìjíríà.

Àrùn tó ń ti ara eku wá, tí òyìnbó ń pè ní plague, tún jà l'Ékòó láti 1924 títí dé 1930. Òun ló mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Àjọ yìí ló la ilẹ̀ Yábà, kí èèyàn lè kúrò nínú ìfúnpọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ rí i pé àárẹ̀ wà nínú ohun tó bí àdúgbò tí à ń pè ní tiwa yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Àwọn ọmọ iléèwé ọdún 1918 ńkọ́? Eré wo ni wọ́n ń múra rẹ̀ nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn? Àwọn wo ni wọn ò padà wá? A mọ orúkọ ọkọ̀ tó gbé àrùn wá, a ò mọ orúkọ àwọn ọmọ. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE É LỌ́DỌ̀ TIWỌN

Ẹ jẹ́ ká yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí ohun tójú tiwa rí lójú tiwọn náà rí. Eré báásíbọ́ọ̀lù, tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹni tó gbá a á sì sáré yí pápá ká padà sílé, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe rí sí wa ló rí sí wọn. Láti ọdún 1947 ni àwọn yunifásitì wọn ti ń du ife rẹ̀. College World Series ni wọ́n ń pe àṣekágbá rẹ̀, ìlú Omaha ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti 1950. Kò yẹ̀ lọ́dún kankan rí títí di ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ọdún 2020, tí àjọ NCAA tó ń darí eré wọn kéde pé kò sí i mọ́ lọ́dún náà.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa l'Ékòó gan-an, àjọ náà jókòó, wọ́n sì fi ọdún kan kún àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àrùn gba eré mọ́ lọ́wọ́ lè fi ṣeré fún ilé-ìwé wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "A mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ọdún yín kò ní ṣòfò." Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i lò, torí ọwọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ wà, àmọ́ wọ́n kà wọ́n kún.

Ìdíje náà padà ní oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ṣùgbọ́n kò padà pẹ̀lú àlàáfíà pátápátá. Ẹgbẹ́ NC State ku ìborí kan péré kí wọ́n dé ìpele tó kẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi gbé Kòrónà sára àwọn kan nínú wọn. Ẹni 13 péré ló kù tí wọ́n fi ṣeré lọ́jọ́ kan, wọ́n sì pàdánù. Nígbà tó di ọjọ́ 26, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mississippi State ló gba ife náà ní ọjọ́ 30, ìgbà àkọ́kọ́ wọn láyé. Bí ẹ bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn lónìí, ẹ máa rí ọdún 2020 níbẹ̀. Wọn ò fò ó. Wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ìdíje, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀.

ÀKÓKÀ, OṢÙ KẸTA 2022

Tiwa náà padà. NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásitì Nàìjíríà, ọmọ àtijọ́ ni. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1966, nígbà tí gbogbo yunifásitì ilẹ̀ yìí kò ju márùn-ún lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Yunifásitì Èkó ní Àkókà. Kí ó tó wáyé, ojú rí màbo. Yàtọ̀ sí Kòrónà, ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 gbé gbogbo ọdún náà lọ, ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dá a dúró. Nígbà tí eré máa wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì mìíràn ti tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Èyí gba oṣù mẹ́jọ.

Síbẹ̀, wọ́n ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí kíláàsì fún kó ẹrù wọn, wọ́n gba Èkó lọ láti ìlú jínjìnnà, wọ́n wá sáré, wọ́n wá lúwẹ̀ẹ́, wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù. Yunifásitì Pọtá ló borí gbogbo wọn. Èmi àti àbúrò mi lọ wòran lọ́jọ́ kan, nítorí ìyanṣẹ́lódì ti sọ òun náà di ará ilé, kò tíì pẹ́ tó wọlé yunifásitì. A jókòó nínú oòrùn, à ń jẹ ẹ̀pà, à ń pariwo fún àwọn tí a ò mọ̀ rí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ilé-ìwé wa ṣe intaháùsì àkọ́kọ́ lẹ́yìn Kòrónà. Òun náà lọ. Abẹ́ kánópì àlejò ni wọ́n fi í sí, wọ́n fún un ní omi inú ike àti gúrúgúrú. Ó wo bí ọmọ mìíràn ṣe gba 400 mítà. Ó pàtẹ́wọ́ dáadáa. Nígbà tí a ń bọ̀ láti Àkókà ló wá bi mí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló gba ti 2020?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó yé mi nìyí. Ìdíje lè padà, ìlù lè padà, ife lè padà sórí tábìlì. Àmọ́ àwọn tó nírètí pé ọdún tàwọn nìyẹn kì í padà. SS3 kì í ṣe SS3 lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a ń jó pé eré ti padà, a gbàgbé láti bèèrè àwọn tí kò bá a padà.

ÌWÉ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ Ọ̀GÁ

Mi ò bá ti parí síbí, bí kì í bá ṣe pé mo lọ kí ọ̀gá wa tó ń darí eré ìdárayá nígbà náà. Wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí, ilé wọn wà ní Ìdí-Àràbà. Mo bèèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ǹjẹ́ ohunkóhun wà nílẹ̀ nípa ọdún 2020?" Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé ìwé ẹsasáìsì kan jáde tí eèpo rẹ̀ ti ya. Gbogbo híìtì ọdún náà ló wà níbẹ̀, bíró pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: orúkọ, ilé, ìṣẹ́jú àáyá. Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọdún 2020. Lábẹ́ 400 mítà àwọn obìnrin, orúkọ àbúrò mi ló ṣáájú.

Mo pè é lórí fóònù níbẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun kí ọ̀gá.

Ìdáhùn mi nìyí o: kò sẹ́ni tó gba ife 2020. Àmọ́ àwọn ọmọ wà tó sáré fún un, a sì mọ orúkọ wọn. Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún. Èkíní, kí a tún pátákó yẹn kọ, kí 2020 àti 2021 wà ní ìlà tiwọn, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé àrùn ni kò jẹ́ kí eré wáyé. Ìkejì, kí a da ìwé ọ̀gá kọ, kí a sì tọ́jú rẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́. Bí ẹ̀yin olùkọ́ wa yòókù bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìkẹta, ní intaháùsì tó ń bọ̀, kí a ya ìje kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó jáde ní 2020. Àwọn kan ti ṣe agùnbánirọ̀, àwọn kan ti bímọ, àwọn kan ti yọkùn. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá a tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo ti bá àbúrò mi wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà náà ṣì wà nínú páálí, ó ṣì bá a lẹ́sẹ̀ mu.