Ojú Tí Ènìyàn Fi Ń Wo Ewu

Ewu kan náà kì í dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn bákan náà. Iye ẹ̀mí tí ewu lè gbà ni onímọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ òṣùwọ̀n ará ìlú yàtọ̀. Ní 1969, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Chauncey Starr ṣàkíyèsí pé ènìyàn máa ń fara mọ́ ewu tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ju èyí tí wọ́n gbé kà á lórí lọ. Ní 1987, Paul Slovic, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi kún un pé ewu àjèjì, àti èyí tí apá ẹni kò ká, ló ń kó jìnnìjìnnì báni jù.

Ìjòkó, lágbègbè Sàngó-Ọ̀tà, fi èyí hàn kedere. Ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 gba ibẹ̀ kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, rélùwéè ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ láti Ìjòkó lọ sí Ìdó l'Ékòó. Bí inú rẹ̀ bá ti kún, àwọn ọ̀dọ́ á gun òrùlé, àwọn mìíràn á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá já bọ́ lè kú. Ṣùgbọ́n owó dáńfó àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Abẹ́òkúta dájú láràárọ̀. Jíjábọ́ kò dájú. Ẹni tó bá pe èyí ní àìmọ̀kan kò tíì béèrè iye tí wọ́n ń gbà lóṣù.

Àrùn Kòrónà mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, nítorí níbẹ̀, ewu àjèjì kọ́ ló dẹ́rù bani jù. Ọ̀dọ̀ ará Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ sí Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn náà ní Nàìjíríà, ní oṣù kejì 2020. Lásìkò kónílé-ó-gbélé, ní oṣù kẹrin, ìròyìn tàn káàkiri pé àwọn adigunjalè tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀. Ní Sàngó, Ifọ̀, Ìjòkó àti àwọn àdúgbò Èkó tó bá wọn pààlà, àwọn ọkùnrin kó àdá àti igi jáde, wọ́n dáná sun táyà lẹ́nu àdúgbò, wọ́n sì dúró pọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí ìjọba ní kí olúkúlùkù jìnnà síra. Ọlọ́pàá mú àwọn kan, nítorí náà ẹ̀rù náà ní ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àhesọ pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fojú rí kòkòrò àrùn. Gbogbo ènìyàn ló mọ olè.

Àhesọ pàápàá lè pani. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà Ebola, wọ́n ní omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Àwọn ènìyàn fi wẹ̀, wọ́n mu ún, àwọn kan sì bá a lọ. Lára ohun tó borí Ebola ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń tọ àwọn tó ti fara kan aláìsàn lọ sílé, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó lé ní ìgbà 18,000. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 20 oṣù kẹwàá 2014 pé kò sí i ní Nàìjíríà mọ́.